Ìwé Ààbò Wa, Sokodé Ni Kó Ti Jáde

Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Kambolé ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, láàárín àlejò méjì tí wọ́n gbé jíìpù wá láti Lomé àti bàbá ọdẹ kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni wọ́n pè mí fún. Wọ́n ń fi Faransé béèrè, mo ń fi èdè wa bi bàbá, bàbá ń dáhùn, mo ń sọ ọ́ padà ní Faransé. Ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n gbà béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé àwọn àjèjì máa ń gba inú igbó yìí kọjá?

Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka fa ìlà kan sínú eruku. Ó ní ipasẹ̀ alùpùpù ẹni tó ń lọ sóko nìyẹn: ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú fún ẹrù iṣu rẹ̀. Ó fa èkejì. Ó ní ti ẹni tó ru kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù nìyẹn, táyà ẹ̀yìn rì wọlẹ̀ ju ti iwájú lọ, kì í sì í gba ẹ̀gbẹ́ ọjà. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà mẹ́ta léra wọn lórí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹyọ kan. Ó ní: "Àwọn wọ̀nyí mọra wọn. Ẹni iwájú ló mọ̀nà, àwọn tó kù ń tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Oníṣòwò kì í rìn bẹ́ẹ̀, torí oníṣòwò ò ní gbà kóun máa jẹ eruku ẹlòmíràn."

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ìwádìí wọn jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Lomé fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó lé ní ọgọ́ta ojú ewé. Mo wá bàbá nínú rẹ̀ títí, gbólóhùn kan ni mo rí: pé àwọn ará abúlé kan ní àgbègbè Tchamba sọ pé àwọn máa ń rí alùpùpù. Ìlà inú eruku ò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ tí ọkùnrin yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ kó jọ nínú igbó ti di "àwọn ará abúlé kan". Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá bi mí pé kí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ òun ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n gbé kálàmù. Mo fẹ́ kí ìwé kan wà, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀ wa yóò máa kọ, tí àwọn náà yóò sì máa kà: ẹ̀ṣọ́ igbó, oníbodè, jándáàmù, ọdẹ, olórí abúlé, ẹni tó ń ṣèwádìí pẹ̀lú. Mo fẹ́ kó má sí lábẹ́ ìjọba, kó má sí lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ kankan, kó má sì sí lábẹ́ olówó ìrànwọ́. Sokodé ni mo fẹ́ kó ti máa jáde.

Ọmọ Kambolé ni mí. Sákí ni mo ti kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá. Alágbàṣe oko ni bàbá mi níbẹ̀, títí ìjọba Nàìjíríà fi ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ ní oṣù kìíní ọdún 1983, tí a di ẹrù padà sílé. Sokodé ni mò ń gbé báyìí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn, tí mo ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Ẹni tó bá nílò ògbufọ̀ láàárín Faransé, Kotokolí àti èdè wa máa ń wá mi kàn. Nàgó ni àwọn ará ìta ń pe èdè wa. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní Manigri, ní òdìkejì ibodè, ní Bẹ̀nẹ̀. Faransé àti Jámánì ló jókòó ní Paris ní oṣù keje ọdún 1897 tí wọ́n fa ààlà láàárín wa. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè.

Ọ̀rọ̀ àwọn Jámánì yẹn kàn wá níbí. Láyé ìgbà tí Dókítà Kersting ń ṣàkóso Sokodé àti Bassar, àwọn ọ̀gá ológun àti onímọ̀ tó ń rìn káàkiri Tógò máa ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá rí: odò tí wọ́n là kọjá, iye wákàtí láti abúlé kan dé òmíràn, ibi tí omi wà fún àwọn tó ń ru ẹrù. Berlin ni àkọsílẹ̀ náà ń lọ. Ìwé àtìgbàdégbà kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1888, Mitteilungen aus den deutschen Schutzgebieten lorúkọ tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n sí. Berlin yẹn náà ni Paul Sprigade ti ń fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ya máàpù Tógò. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì wúlò fún wọn gan-an. Àwọn tó mú wọn la igbó já, tó pe orúkọ odò fún wọn, kò ka ojú ewé kan níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bàbá ọdẹ tèmi náà kò tíì ka tirẹ̀.

Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan ní Sokodé pé ọ̀rọ̀ àwọn agbẹ́sùnmọ̀mí, ti àwọn ará òkè lọ́hùn-ún ni, ti Dapaong. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà tó jẹ́ pé Bọ̀kínà nìkan ló ń jó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n kọlu ibùdó ṣọ́jà ní Sanloaga, ní Kpendjal. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ṣọ́jà mẹ́jọ kú ní Kpékpakandi. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba kéde ipò pàjáwìrì fún gbogbo ẹkùn Savanes, tí wọ́n sì ń sún un síwájú lẹ́yìn náà. Ní Bẹ̀nẹ̀, ṣọ́jà 54 ló kú lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbẹ́sùnmọ̀mí JNIM lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025. Nígbà tó sì di ìparí oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ẹgbẹ́ JNIM kan náà sọ pé àwọn làwọn kọlu àwọn ológun ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ̀yin ará Sákí, ará Kìṣí, ará Ìgbẹ́tì, ẹ kò nílò kí n sọ bí Kwara ti jìnnà sí yín tó.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí wà, iṣẹ́ wọn sì ṣe pàtàkì. Ilé ìwádìí Clingendael ní The Hague, ní ilẹ̀ Hólàǹdì, tẹ ìwé kan jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2021 tó kìlọ̀ pé iná náà ń ràn bọ̀ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n kọlu àwọn ṣọ́jà ní Porga. Ní 2024, Clingendael tẹ òmíràn nípa igbó Kainji ní Nàìjíríà, pé àwọn ẹgbẹ́ náà ti ń rí ibi fẹsẹ̀ lé níbẹ̀. Ẹ ti rí ohun tó tẹ̀ lé e. Ilé ìwádìí ISS tó wà ní Pretoria àti Dakar, àjọ WANEP ní Accra, Timbuktu Institute ní Dakar, iléeṣẹ́ ìròyìn HumAngle tí Ahmad Salkida dá sílẹ̀ ní 2020: mò ń kà wọ́n bí mo bá ti rí dátà rà. Ẹni tó bá sọ pé kí wọ́n má ṣe wá sí abúlé wa mọ́, èmi ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní àwọn aláṣẹ ti ka ìkìlọ̀ oṣù kẹfà yẹn dáadáa ni, bóyá àwọn ìyá kan ì bá má sunkún ní oṣù kejìlá.

Àmọ́ ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún? Aṣojú ìjọba òkèèrè ni, àti ẹni tó ń pín owó ìrànwọ́, àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń gun alùpùpù rẹ̀ wọ igbó Abdoulaye ní kùtùkùtù kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Igbó yẹn tó 30,000 hẹ́kítà, láti 1951 ni wọ́n ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dáko síbẹ̀, kó má sì dọdẹ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ mọ ohun tí ẹni tó wà ní The Hague ń wá. Ẹni tó wà ní The Hague náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Kainji tí ọkùnrin yìí ò gbọ́ rí, tó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là lọ́la. Kò sí ojú ewé kan tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé.

Ìwé kan wà tí wọ́n dìídì ń ṣe fún àwọn ológun Áfríkà, Africa Defense Forum. Ó ń dán, àwòrán rẹ̀ dára, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń jáde ní Faransé. Mo ti rí i lórí tábìlì ọ̀gá kan rí, mo sì kọ́ nǹkan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n AFRICOM, iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ Áfríkà, ló ń tẹ̀ ẹ́. Togo-Presse ní tirẹ̀, ti ìjọba ni láti 1962. Ẹni tó bá ni ìwé ló ń yan ohun tí ìwé yóò dákẹ́ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Margba. Ní òru ọjọ́ 9 mọ́jú 10 oṣù keje ọdún 2022, nígbà ọdún Iléyá, ohun tó bú gbàmù pa ọ̀dọ́ méje ní abúlé yẹn, ní Tône. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ológun Tógò fẹnu ara wọn sọ pé ọkọ̀ òfuurufú àwọn ni, pé wọ́n ṣèèṣì rò pé agbẹ́sùnmọ̀mí ni àwọn ọmọ náà. Ó gba ìgboyà kí wọ́n tó jẹ́wọ́, mo sì kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹni tó wà lókè rí tó fi dá a lójú? Ta ló yẹ kó pè nílẹ̀ kó tó tẹ ohunkóhun? Ta ló rántí lóru ọjọ́ yẹn pé ọdún là ń ṣe, pé àwọn ọmọ kì í tètè sùn lálẹ́ ọdún? Olórí abúlé èyíkéyìí ì bá ti dáhùn èyí lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fẹ́ ka ohun tí awakọ̀ òfuurufú tó ti fẹ̀yìn tì yóò kọ nípa ìbéèrè wọ̀nyí, mo fẹ́ ka ohun tí olórí abúlé kan yóò fi dá a lóhùn. Wọn kò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, wọn kò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé Amẹ́ríkà.

Àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn nílò irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní 2005, nígbà tí ogun Iraq gbóná, àwọn méjì tó ti jẹ́ ọmọ ogun Marine rí, Dave Dilegge àti Bill Nagle, dá Small Wars Journal sílẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ọ̀gá kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun dé lè kọ síbẹ̀ pé ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún òun kò ṣiṣẹ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á dá a lóhùn, ẹni tó pa àṣẹ náà á sì kà á. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni David Kilcullen, ológun ọmọ ilẹ̀ Australia, kọ ìmọ̀ràn 28 fún àwọn ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ kéékèèké. Ímeèlì ló kọ́kọ́ fi ń ti ọwọ́ ṣọ́jà kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì kí ìwé ìròyìn ológun kan tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ níbẹ̀ ni pé kí ọ̀gá mọ ilẹ̀ àti ènìyàn ibi tí wọ́n rán an lọ. Bàbá ọdẹ wa ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí Kilcullen.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn tiwa kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ti fọwọ́ mi gbé e rí, ní Tchamba. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan fẹ̀yìn tì, ó sì kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta aṣọ pè mí sílé, ó fa àpò wàrà kan jáde lábẹ́ ibùsùn, ó kó káyè mẹ́rin síta, olójú ewé 200 ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Báírò búlúù ló fi kọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà fi rúlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà márùn-ún: ọjọ́, ibi, ohun tí mo rí, ohun tí mo ṣe, ohun tí mi ò ṣe.

Ìlà karùn-ún yẹn ló mú mi jókòó. Ní ibì kan, ó kọ ọ́ pé òun bá agbo màlúù kan lẹ́bàá odò, darandaran mẹ́ta ló ń dà wọ́n, ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́ Fúlàní dáadáa, bàtà rẹ̀ sì jẹ́ tuntun ju bàtà darandaran lọ. Ohun tí mo ṣe: mo kí wọn. Ohun tí mi ò ṣe: mi ò bi wọ́n pé ta ló ni màlúù. Ní ojú ewé kẹta sí ibẹ̀, ìjà ti bẹ́ láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran, wọ́n ti sun abà. Ó fi ọfà fa ìlà láti orí ìjà náà padà sí ojú ewé tó kọ́kọ́ kọ. Ní ìparí ọdún 2019, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ti ibodè rẹ̀ mọ́ agbo ẹran tó ń ti òkèèrè wọlé, ojú ewé rẹ̀ kún fọ́fọ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré sí i, ó ń kọ ọ́ dé etí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òfin tí wọ́n ṣe ní Kútọnu ṣe ń dé ẹsẹ̀ odò kan ní Tchamba, inú káyè yẹn ni kó wò. Mo ti ka ìwé ìwádìí tó pọ̀, mi ò tíì rí èyí tó ní ìlà "ohun tí mi ò ṣe".

Mo bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní: "Tí mo bá kó wọn fún ìjọba, wọ́n á tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Tí mo bá kó wọn fún òyìnbó, orúkọ bàbá mi á parẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa fi wọ́n ṣe?"

Jándáàmù àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, sọ fún mi pé ohun tí a bá tẹ̀, ọ̀tá náà á kà á. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì ti rò ó títí. A ò ní tẹ ibi tí ṣọ́jà ń sùn, tàbí iye wọn, tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà. Ohun tí kò bá tíì pé ọdún kan, kò ní wọlé. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni àyàfi tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ká dárúkọ òun. Ẹni méjì tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí yóò ka gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó dé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo sì sọ fún bàbá náà pé ọ̀tá kò nílò ìwé wa láti mọ ọ̀nà inú igbó, orí rẹ̀ ló ń gbé. Ọ̀gá ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Aného, tí kò gbọ́ Kotokolí, tí kò gbọ́ Nàgó, òun ni kò mọ̀ ọ́n. Òun ni ìwé yìí wà fún. Bàbá jándáàmù dákẹ́ díẹ̀, ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé òun wá sí Sokodé, odidi ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni òun fi ń ṣìnà.

Ìbẹ̀rù kejì, ti ilé ẹjọ́ àti ti àhámọ́, mi ò ní ṣe bí ẹni pé kò sí. Ìyàwó mi rán mi létí rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ní Lomé dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún oníròyìn méjì ti L'Alternative, Ferdinand Ayité àti Isidore Kouwonou, lẹ́yìn tí wọ́n ti sá kúrò nílùú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, HAAC, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ ìròyìn ní Tógò, dá RFI àti France 24 dúró fún oṣù mẹ́ta. Àwa ará Sokodé kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2017, tí ìwọ́de di ìbọn, àti oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà tí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà ojú gbangba la máa rìn. HAAC la máa lọ forúkọ sílẹ̀ sí, orúkọ mi àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi yóò wà lójú ewé àkọ́kọ́. Mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi: ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín kò ní sọ fún yín pé ilé yín ń jò.

Ti owó kò ga tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Mo mọ iye tí yíǹkì jẹ́, mo mọ iye tí páálí bébà kan jẹ́. Ojú ewé 24, ẹ̀dà 300, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. A óò máa tà á, owó díẹ̀, kí ẹni tó bá rà á lè bínú sí wa tó bá burú. Ọmọ wa tó wà ní Lomé tàbí lókè òkun lè dá owó, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Owó àwọn aṣojú ìlú òkèèrè kò ní wọlé, ti iléeṣẹ́ ìjọba náà kò ní wọlé.

Ní ti èdè, Faransé ni apá kan yóò jẹ́, Kotokolí apá kan, èdè wa apá kan. Àwọn kan ti sọ fún mi pé èdè wa ò lè ru irú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ogun Ìjàyè ń jà, láti 1860 sí 1862, Ìwé Ìròhìn tí Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ń jáde ní Yorùbá. Ti ìjọ ni, kò sí lómìnira bí mo ṣe ń fẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi ń bá àwọn tó wà láàárín ogun sọ̀rọ̀. Bàbá ọdẹ kò wá ọ̀rọ̀ tì nígbà tó ń fa ìlà mẹ́ta rẹ̀. Èmi tó ń túmọ̀ sí Faransé ni mò ń wá ọ̀rọ̀ kiri.

Mo ti tẹ káyè àkọ́kọ́ dé ojú ewé 112 sórí kọ̀ǹpútà. Ní alẹ́ ni mo máa ń ṣe é, tí àwọn oníbàárà bá ti lọ. Tí ẹnikẹ́ni ní Manigri, ní Bassila, ní Kaboli, tàbí lọ́dọ̀ ẹ̀yin ará Sákí, bá ní irú káyè bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó má fi dáná, kó má sì fi di ẹ̀pà. Kó wá mi kàn.

Orúkọ odò kan wà ní ojú ewé 112 tí mi ò lè kà, omi ti kán sí i. Ọmọ olóògbé náà ò mọ̀ ọ́n. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo máa gun zémìjàn lọ sí Kambolé lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá ọdẹ. Ojú ewé méjì ni mo máa mú dání, èyí tí orúkọ odò kò pé, àti èyí tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìlà inú eruku sí, mo sì ti fi àyè sílẹ̀ lókè rẹ̀ fún orúkọ tirẹ̀, tó bá gbà pé kí n kọ ọ́.